Gbànja Tí Ẹnìkan Kò Yí

Ojú wọn ṣe mẹ́rin ní Sábó, ní Ṣàgámù, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó ń kó gbànja lọ sí Òkè Ọya fẹ́ gbéra. Àwọn alábàárù ń pariwo, agbọ̀n ń kọjá lórí èèyàn, síbẹ̀ Fàdìlàt kò rí ẹlòmíràn mọ́ àfi ọmọkùnrin gíga tó di ìwé ẹrù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Gbànja ni mo ní kí o ṣà, n kò ní kí o ṣa ojú ọkùnrin!" Àlájà Sàdíátù, ìyá rẹ̀, ké mọ́ ọn. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn. "Lásúnkànmí ni orúkọ mi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Fàdìlàt. Orúkọ yẹn gan-an ló wà lẹ́yìn àpòòwé lẹ́tà kan tó há sáàárín ìwé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kíkí, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan ní Ìlíṣàn, ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí òkè òkun. "Yóò wá gbà á ní géètì ilé-ìwé ní Sátidé. Jọ̀ọ́, má gbàgbé." Fàdìlàt gbàgbé. Ìlú Ipara ló bá ìyá rẹ̀ lọ ra obì lọ́jọ́ náà.

Ó yẹ kó sọ ọ́ ní Sábó níbẹ̀. Kò sọ ọ́. Oṣù mẹ́fà kọjá, ìfẹ́ wọn dùn ju oyin lọ, kò sọ ọ́. Kódà lọ́jọ́ tí Lásúnkànmí ròyìn ọmọbìnrin tó fi í sílẹ̀ láìdágbére, àti géètì tó dúró sí láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò sọ ọ́.

"Mo rò pé mi ò já mọ́ nǹkan kan ni, Fàdì."

Fàdìlàt gbá a mọ́ra, kó má baà rí ojú òun.

Ẹ̀kọ́ nípa wíwà ló ń kọ́ ní yunifásítì: kí ló wà, kí ni kò sí, kí ló ń fa kí. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Ṣóbọ̀wálé, bi wọ́n pé, "Àìṣe kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Báwo ni ohun tí kò sí yóò ṣe fa ohun tó wà?"

Ara tu Fàdìlàt. Òun kò ya lẹ́tà, òun kò sun ún. Òun kò kúkú ṣe nǹkan kan! Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí oògùn.

Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ tú agbọ̀n kan. Ihò ló kún ara gbànja.

"Ta ló yẹ kó yí gbànja yìí, kó pààrọ̀ ewé rẹ̀ kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, màámi. Ṣùgbọ́n kòkòrò ló jẹ ẹ́, èmi ò fọwọ́ kàn án."

"Mo mọ̀ pé o ò fọwọ́ kàn án! Ìyẹn náà ló jẹ ẹ́. Kòkòrò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwọ ni o ò ṣe tìẹ. Ọmọ yunifásítì!"

Gbogbo ihò yẹn ń wo Fàdìlàt.

Ní ìrọ̀lẹ́, Lásúnkànmí dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àwọn òbí mi máa wá kí Àlájà nítorí tiwa lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

Bó bá ka lẹ́tà náà, ó lè padà sọ́dọ̀ Kíkí. Bí kò bá kà á, yóò gbé Fàdìlàt níyàwó, yóò sì máa rò títí láé pé òun kò já mọ́ nǹkan kan.

"Lásún, kí wọ́n ṣì má wá."

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ kọ́. Ohun tí èmi ò ṣe ni."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Etí àpòòwé náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀ pa. Lásúnkànmí rí orúkọ ara rẹ̀, ó sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ojú wọn tún ṣe mẹ́rin. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ó na ọwọ́. Fàdìlàt fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.