Ẹni Tó Gbé Ọtí Wá

Kí Ìyá Dárasími tó kúrò ní Ìṣẹ́-Èkìtì ló ti dá ẹjọ́ ọkùnrin náà tán. Wọ́n ní ilé ìpọntí ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Skọ́tílándì. Bí wọ́n bá ní káfíńtà ni, tàbí pé òkú ló ń wẹ̀ lọ́sibítù, Màmá ì bá ti máa wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ọtí ke? Kí wọ́n má tilẹ̀ sọ ọ́ sí òun létí.

Ẹ má bú u o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ojú Màmá ló ṣe tí ọkọ Tóyìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fi oko kòkó baba rẹ̀ mu ògógóró títí tí kò fi ku nǹkan kan. Tóyìn wá ń ro oko olóko kí àwọn ọmọ tó jẹun. Látìgbà náà ni Màmá ti búra pé ọkùnrin tó bá ń fi ọtí kan ẹnu kò ní pe òun ní àna.

Nọ́ọ̀sì ni Dárasími, ní ìlú kékeré kan létí òkun níbẹ̀. Òun ló ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ kó wá sinmi. Pius Akínọlá lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́. Ẹ wo Ìkẹ́rẹ́ tó wà nítòsí Ìṣẹ́ níbí, èèyàn á wá wọ ọkọ̀ òfurufú dé inú òtútù kó tó pàdé ọmọ Ìkẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ ṣáà bá wa dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i," ni Dárasími ń bẹ̀bẹ̀. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ lẹ́yìn náà labẹ́ gé. Mi ò ní fẹ́ ẹni tẹ́ ẹ ò bá fẹ́."

Màmá gbà kíá, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Nílé baba tirẹ̀, ẹni tó bá gbé ọtí wá fún èèyàn ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí onílé lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ Èkìtì tó máa jiyàn ìyẹn. Yóò ní kí Pius tọ́ ọ wò. Bó bá ti gbé e sẹ́nu báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe, Màmá á ní òun ti rí i pé ọ̀mùtí ni. Ẹ̀tàn ni, mo mọ̀. Màmá náà mọ̀, díákónẹ́ẹ̀sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run sílẹ̀ láàárọ̀.

Pius fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ etí òkun. Suwẹ́tà méjì ni Màmá wọ̀, ó tún dé fìlà òwú. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó rí àwọn ìkòkò bàbà gìrìwò tí ọrùn wọn gùn, ooru ń jáde lára wọn, gbogbo ilé ń rùn bí ògì tó kan.

"Ṣé kì í ṣe ògógóró náà nìyí?" ni Màmá bi í.

"Òun náà ni, mà. Òyìnbó kàn ń rọ ọ́ sínú àgbá igi kó lè gbó ni." Ó fi àwọn àgbá náà hàn án. Ó ní lọ́dọọdún ni ọtí díẹ̀ ń gbẹ lọ nínú wọn, ìpín àwọn áńgẹ́lì làwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

"Àwọn áńgẹ́lì tiwa ní Ìṣẹ́ kì í mutí."

"Bóyá ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n, mà."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Màmá kó tó rántí pé òun ò wá rẹ́rìn-ín. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ọmọ náà ń wù ú.

Wọ́n dé yàrá tí àwọn àlejò ti ń tọ́ ọtí wò. Pius fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife wisikí kan wá, ó tẹrí ba, ó gbé e fún un. Màmá ò gbà á. Bó bá ń sọ̀rọ̀ gidi, ẹnu Ìṣẹ́ ló máa ń yọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹni tó gbé ọtí wá ni í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àbí wọn ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní ulé yín?"

Dárasími rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá òun ti gba Pius mọ́ra nìyẹn. Pius wo ife, ó wo Màmá. Ló bá gbé ife sórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn àlejò. Obìnrin òyìnbó kan rò pé ó ṣubú, ó sáré wá láti gbé e dìde.

"Ó yẹ kí n tọ́ ọ wò, mà," ni Pius wí látilẹ̀. "Àmọ́ èmi ni màá wà yín padà, ẹ sì rí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Mi ò lè gbé yín sínú ọkọ̀ tòun ti ọtí lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, mo gbà."

Màmá wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. "Ṣé o kì í mu ún rárá ni?"

"Mo máa ń mu díẹ̀, mà, lọ́jọ́ tí mi ò bá ní wakọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Dárasími di ojú rẹ̀. Ohun tí Màmá wá gbọ́ nìyẹn, Pius sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kó kàn dìde kó máa lọ ló kù.

Àmọ́ ọkọ Tóyìn ló wá sí i lọ́kàn. Gbogbo ọjọ́ ayé ọkùnrin yẹn ló fi ń búra pé òun ò mu, kò sì sí ife kan tó kọ̀ rí nítorí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìyàwó, ì báà jẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Èyí rèé tó fẹ́ pàdánù ìyàwó kí ìyá arúgbó kan ṣáà lè délé láyọ̀. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, omi lé rọ̀rọ̀ sí i lójú.

Níbi iṣẹ́ náà, wọ́n máa ń bu ti ẹni tó bá máa wakọ̀ sínú ìgò kékeré, kó lọ mu ún nílé. Ẹlẹgbẹ́ Pius kan gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wá. Màmá ló na ọwọ́ gbà á, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì.

"Màmá, ọtí nìyẹn o," ni Dárasími wí.

"Mo rí i. Dìde, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀ tutù. Ọtí yìí ń bá mi lọ sí Ìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó gbé e wá ò tíì tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ tí ìwọ àtàwọn èèyàn rẹ bá ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa, ọ̀kadà ni kó o gùn wá. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ wakọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé Dárasími. Nígbà tó yé e, ó di mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Pius tún dọ̀bálẹ̀. Obìnrin òyìnbó ìṣáájú tún sáré dé, ó ń bèèrè bóyá nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí.