Ọwọ́ Tó Ń Yí Ẹ̀rọ

Àkọ́bí Ìyá Aránṣọ kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó bá wá.

"Màmá, dókítà ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó máa wá gbé ẹ̀rọ yẹn lọ́sàn-án yìí."

Ìyá Aránṣọ ò gbójú sókè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí ẹ̀rọ, ọwọ́ òsì ń darí aṣọ. "Ta ló ni ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Àmọ́ ẹ wo fóònù mi. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án báyìí, ọkàn yín á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé!"

Oṣù kan rèé tí nọ́ọ̀sì ti lẹ nǹkan pélébé kan mọ́ ọn láyà, tó sì so òmíràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ti àyà ń ka èémí, tọwọ́ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Láìsí wáyà kankan, wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún ọsibítù àti fún ọmọ rẹ̀.

Inú bí i. Ogójì ọdún ló ti ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí, òun náà ló fi tọ́ ọmọ tó wá dúró lé e lórí tó ń pàṣẹ. Ó gbà kí wọ́n máa ka ọkàn òun, kò gbà kí wọ́n torí ẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

"Ti àyà ńkọ́? Kí ló sọ?"

Ọmọ wò ó. "Èémí yín ò yí padà."

"Ajá ń lé mi, mi ò sì mí hẹlẹhẹlẹ! O ti rí irú ẹ̀ rí?"

Ibi tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí tìmùtìmù kékeré tó máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́, tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Òun ni ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ráyè níbẹ̀ lọ́jọ́sí, tó fi so tiẹ̀ mọ́ ọ̀tún. Ọ̀tún tó ń yí ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Ó tú nǹkan tí nọ́ọ̀sì so mọ́ ọn lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀. "Jókòó. Yí i."

"Màmá..."

"Mo ní kó o yí i!"

Ọmọkùnrin rẹ̀ onírùngbọ̀n jókòó, ó ń yí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Màmá sinmi! Lílù ọkàn wọn ti lé ní àádọ́jọ ní ìṣẹ́jú kan!"

Ìyá Aránṣọ gba fóònù. "Nọ́ọ̀sì mi, èmi rèé, mo dúró jẹ́ẹ́. Ọmọ mi ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ bá mi bi dókítà, ṣé kí òun náà fi iṣẹ́ báńkì ẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ọwọ́ wo ló wà, mà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ so ó mọ́ náà ni, èyí tó ń yí ẹ̀rọ. Yíyí ẹ̀rọ ló ń kà, kì í ṣe ọkàn."

Ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀. "Dìde níbẹ̀. Kó o sì pe ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ. Sọ fún un pé kó máa mú aṣọ tó bá fẹ́ rán bọ̀."