Ẹ Pàṣẹ fún Un

Ìyá Wisdom gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé kọ̀ǹpútà náà lórí, ó dijú pinpin. "Mo pàṣẹ fún ọ lórúkọ Jésù, ìwé orin yìí, ṣiṣẹ́! Ṣiṣẹ́ nísinsìnyí!"

Ẹnu ọ̀nà ni Ọláìtán wà tó ti gbọ́ ọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Òṣogbo, ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Iléṣà ló sì ṣe ìwé orin orí kọ̀ǹpútà yìí fún. Ẹ̀rín pa á débi pé ó di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni ìyá náà wí. "Ó kọ̀, kò ṣí."

Ọláìtán ò tilẹ̀ jókòó. Línúùsì ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, fáìlì kan ṣoṣo sì ni ìwé orin ọ̀hún. Gbogbo ohun tó nílò ló gbé dání, bí ìgbín ṣe ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Àmọ́ Línúùsì kì í jẹ́ kí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà yóò fi fọwọ́ sí i. Ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ó fi àmì sí àpótí kékeré kan, ó ṣí i. Orin kìn-ín-ní yọ, tàmì tàmì.

Ká ní ó mọ síbẹ̀ ni, kì bá sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún un. Nígbà tí àwọn alàgbà pé jọ lọ́sàn-án, ó dìde, ó sín ìyá náà jẹ níwájú wọn: àtẹ́lẹwọ́, ojú dídì, "Ṣiṣẹ́ nísinsìnyí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ìyá Wisdom ń wo ilẹ̀ ní tirẹ̀.

Bàbá Ọdúntán, alága wọn, nu ojú. "Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Ìyá Wisdom ti ṣe akọ̀wé wa fún ọdún mọ́kàndínlógún, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn."

Ọláìtán kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́.

Ìyá Wisdom yọ ìwé ìlànà tó bá ìwé orin náà wá láàárín Bíbélì rẹ̀, ó fi gíláàsì sójú, ó kà á sókè láìkánjú. "'Ìgbésẹ̀ kejì. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ fún un kí ó ṣiṣẹ́.'" Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá yìí ló kọ ọ́. Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń pàṣẹ fún un. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì sí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọláìtán ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ìjókòó kan ṣoṣo ló fi yí i láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yé e. Ojú tì í bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lọ́jà.

"Ẹ̀bi mi ni," ó wí. "Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe."

"Kí lo wá ní lọ́kàn?" ni Bàbá Ọdúntán bi í.

Ọláìtán la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń wá. Ó lọ jókòó ti ìyá náà nídìí kọ̀ǹpútà, ó fi hàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Wisdom fa igi lé ìlà Ọláìtán, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Ẹ ti gbà á láàyè nìyẹn."

Bàbá Ọdúntán kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí yé mi. Akọ̀wé, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka."

Ìyá Wisdom na ìwé náà sí Ọláìtán. "Ṣé ó tọ̀nà, sà?"

Kò sí ohun tó fẹ́ fi kún un. Òun àti Wisdom ni wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìyá yìí ló sì ti ń jẹun ọ̀sán nígbà náà. Láti àárọ̀ ló ti ń gba sà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má pè mí ní sà mọ́," ó wí. Kò lè wojú rẹ̀.

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

Ó rántí orúkọ tí ìyá náà fi ń pè é nígbà náà. Ojú tì í láti tọrọ rẹ̀.