Olúdayọ̀ Ń Mi Orí

Nígbà tí òtútù àyà gbé Olúdayọ̀, awakọ̀ lọ́rì ní Dagenham Dock ní ìlú Òyìnbó, dé ọsibítù, wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà sí i lọ́fun, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a mí, wọ́n sì fi oògùn oorun sí i kí ìnira má baà pọ̀ jù. Wúrà, ìyàwó rẹ̀, sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìgbà tó nu ojú tán ló rí obìnrin kan, Àrínọlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì, tí Godswill ọkọ tirẹ̀ náà wà lórí ẹ̀rọ.

Oògùn wọn ni kò jọra. Ti Godswill, propofol, funfun bíi mílíìkì. Ti Olúdayọ̀ mọ́ bí omi, orúkọ rẹ̀ sì gùn débi pé "Dẹ́kìsì" nìkan ni Wúrà rí pè nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ṣàlàyé pé ti funfun ń múni sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá a dúró, èèyàn á tètè jí. Oorun Dẹ́kìsì fẹ́lẹ́ ní tirẹ̀. Tí wọ́n bá pe ẹni náà, ó lè lajú, kó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn dókítà ṣì ń fi méjèèjì wéra.

Mímì orí yẹn nìkan ni Wúrà gbọ́. Ó fẹnu súnmọ́ etí ọkọ rẹ̀, ó bi í bóyá ó ń gbọ́ òun. Olúdayọ̀ mi orí. Wúrà wo Àrínọlá bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní. Àrínọlá ní aláìsàn tó ń mi orí kò tíì sinmi.

Ó ti pẹ́ tí Wúrà ti fẹ́ kun pálọ̀ wọn ní Barking Riverside ní yẹ́lò, tí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé òun ò lè máa gbé inú ẹyin.

"Dádì Ayọ̀, ṣé ká kun pálọ̀ ní yẹ́lò?"

Ó mi orí. Kíá ni Wúrà pe Ọláṣẹ́gun, tó máa ń kun ilé fún àwọn ará ìjọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Àrínọlá ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀ ti Godswill sí oògùn tó ń múni mi orí. Nọ́ọ̀sì ní ibí kì í ṣe ilé oúnjẹ, bí ara oníkálukú ṣe rí ni dókítà ń wò. Ni Àrínọlá bá lọ dúró ti Olúdayọ̀.

"Brọ̀dá Dayọ̀, ṣé èmi ni ìyàwó yín?"

Olúdayọ̀ mi orí jẹ́jẹ́.

Wúrà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni òun. Ó mi orí. Ó bi í bóyá inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wà. Ó tún mi orí. Nọ́ọ̀sì ní oògùn ló ń dá wọn lóhùn, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ìdìbò náà dúró. Wúrà sáré pe Ọláṣẹ́gun. Ìyẹn ní òun ti kùn ún tán, òun tiẹ̀ fi àjà kún un. Àrínọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, nígbà tó yá, ẹ̀rín mú Wúrà náà.

Nígbà tí àyà àwọn ọkùnrin náà mọ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n yọ ọ̀pá lọ́fun wọn. Godswill béèrè tíì. Olúdayọ̀ fi ohùn tó ha bi nọ́ọ̀sì pé:

"Àwọn obìnrin méjì wo ni kò jẹ́ kí n sùn yìí? Ẹ fún wọn nínú oògùn yẹn."

Wúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé tún ń bọ̀. Àrínọlá sọ ọ́ sí i létí pé kó tètè sọ ọ̀rọ̀ pálọ̀ nísinsìnyí, kí oògùn tó kúrò lójú ọkọ rẹ̀. Wúrà fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.