Ohùn Tó Jókòó

Ohùn mi ni mo fi ń jẹun. Bí ẹ bá gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ń rọ̀ yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ẹ ra ọṣẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Mo gbà pé ohùn náà dùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀ débi pé ohùn ọṣẹ yẹn náà ni mo fi ń béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí síṣẹ́ ńlá: fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan tí wọ́n fẹ́ sọ di èdè wa. Èmi ni bàbá tó ń sáré wá ọmọ rẹ̀ nínú òjò. Mo wọ sítúdíò, mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo fi ẹ̀rọ bo etí, mo pe orúkọ ọmọ náà.

Olùdarí, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa, dá mi dúró láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn yín dáa. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ń sáré, ẹ̀yin sì jókòó. Mo ń gbọ́ àga nínú ohùn yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ohùn àwọn yòókù ná."

Mo gbé ẹjọ́ náà tọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, tó ní ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé. Mo rò pé yóò bá mi bínú sí olùdarí náà. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Òótọ́ ló sọ fún ẹ. Wá bá wa ṣeré. Mò ń wá aṣọ́nà."

Gbólóhùn kan péré ni aṣọ́nà náà ní: "Ọ̀gá mi, iná ti dé ẹnu ọ̀nà." Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lọ́jọ́ eré, mo rìn jáde, mo fi ohùn ọṣẹ sọ ọ́. Ìdajì rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn.

"Kí ló wí?" ìyá àgbà kan béèrè níbẹ̀.

"Ó ní iná ti dé."

"Kí wọ́n wá tan fáànù."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìdààmú, mo gbọ́wọ́ sétí láti tún ẹ̀rọ mi ṣe. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sáré yí ilé eré ká kí n tó wọlé. "Má wo èrò. Ọ̀gá rẹ ni kí o wò. Ilé rẹ̀ ló ń jó."

Mo sáré. Ikùn mi, tó ti ń sinmi láti ọjọ́ pípẹ́, ń mì níwájú mi. Aránṣọ kan ló ń ṣe ọ̀gá. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ yí padà, ẹ̀rù sì ba èmi náà ní tòótọ́. Gbólóhùn náà tú jáde láti inú, ó há, kò dùn rárá. Obìnrin kan lẹ́yìn fa àpò rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ sá.

Nígbà tí olùdarí tún pè mí sí sítúdíò, mo ní kí wọ́n gbé àga kúrò. Mo sáré lójú kan, mo fojú inú wo ọmọ náà bí mo ṣe wo aránṣọ, mo pè é. Apá mi gbá máìkì ṣubú.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," olùdarí wí. "Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kiwọ́ bọ àpò."

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyẹn: bàbá oníkùn ńlá kan tó kiwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, tó ń sáré láì kúrò lójú kan, tó ń sunkún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo mú ìyàwó mi lọ wo fíìmù náà. Nígbà tí bàbá yẹn ń ké nínú òjò, omijé ń dà lójú ìyàwó mi. Mo rọra bi í léèrè bí ohùn mi ṣe rí.

"Ohùn yín?" ó nu ojú. "Èwo ni tiyín nínú wọn?"