Abẹ́rẹ́ Orí Mọ́rẹ́nikẹ́

Mo lá àlá pé mo mú Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń fi abẹ́rẹ́ wo àwọn ọ̀dọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di bárakú fún. Ilé kan náà la ń gbé, àmọ́ fóònù ló máa ń wò, kì í wojú mi mọ́. Yàrá mi àtijọ́ ní yunifásítì ni dókítà náà wà. Ó gún abẹ́rẹ́ sí i lórí títí ó fi dà bí òòrẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ìgbà náà wọlé, wọn ò tíì hu ewú kankan, wọ́n ń sá ṣẹ́ẹ̀tì tútù sórí abẹ́rẹ́.

"Má mira, ọmọ wa, a fẹ́ wọ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yìí lọ kíláàsì."

Mọ́rẹ́nikẹ́ ká ṣẹ́ẹ̀tì kan kúrò lójú, ó kúnlẹ̀, ó wò mí tààrà.

"Bàbá àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ní ṣájà?"

Ni mo bá jí.