Ààwẹ̀ Azeemah

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí Abdulhakeem ń bá wakọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kógbá sílé, kò sẹ́ni tó pe Azeemah ọmọ rẹ̀ jókòó kó sọ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, òun sì ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé làwọn òbí rẹ̀ ṣì fi ń wò ó. Ohun tó ń rí ni pé bàbá òun kì í tètè jáde láàárọ̀ mọ́, ẹran ti di àlejò nínú ọbẹ̀, bí òun bá sì ti yọjú sí yàrá, bàbá àti ìyá òun á dákẹ́ wẹ́lo.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń dẹ́rù bà á jù. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ wọn, ọkàn rẹ̀ á ti sáré padà sílé. Rachel tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì bi í títí, ó ní kò sí nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, ó rí Ràmọ́tà ìyá rẹ̀ tó bu oúnjẹ fún gbogbo ilé tán, tó wá ń ha ìdí ìkòkò jẹ. Ọjọ́ yẹn ni Azeemah bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

"Mọ́mì, ààwẹ̀ nọ́fílà tí kì í ṣe dandan ni mo ń gbà," ló wí. Ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì, ìyẹn Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kan àwọn ọjọ́ mìíràn. Inú Ràmọ́tà dùn. Ó ń sọ kiri àdúgbò pé ọmọ òun ti di ẹ̀sìn mú.

Àfi ọjọ́ Sátidé kan. Láàárọ̀, Azeemah wá gba páàdì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lọ́sàn-án, ìyá se ìkọ́kọrẹ́, ó ní kó wá bu tirẹ̀.

"Mo ń gbààwẹ̀, Mọ́mì."

Ràmọ́tà yíjú padà. "Azeemah, ṣé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù máa ń gbààwẹ̀ ni?"

Ni Azeemah bá bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin náà kì í jẹun, Mọ́mì. Mo rí yín. Mo ní kí tèmi kúrò níbẹ̀ kó lè kárí."

Ràmọ́tà gbá a mọ́ra, ó sì ké sí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Abdulhakeem gbọ́, ó rọra jókòó sórí àpótí ìdáná.

"A ò fẹ́ kó o máa ronú ni," ló wí.

"Mo ti ń ronú, Dádì. Mo rò pé ẹ fẹ́ kọ ara yín sílẹ̀ ni."

"Kí n kọ ìyá ẹ? Ta ni yóò wá gbà mí sílé?"

Ràmọ́tà bú sẹ́rìn-ín. Abdulhakeem wá là á yé ọmọ: iṣẹ́ ti bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ òun kan ní Odògbolú ti fún òun ní ilẹ̀, òun ti gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Nǹkan le, àmọ́ kò tíì le débi tí ọmọ yóò fi máa febi panú, ilé-ìwé rẹ̀ kò sì ní dúró.

"Bí ohunkóhun bá tún ṣẹlẹ̀, a ó sọ fún ẹ. Ìwọ náà, má fi ebi pa ara ẹ mọ́."

"Ṣé mo lè máa bá yín lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé?"

"Bó o bá ti kàwé tán."

Owó kò tíì dé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí Azeemah. Ràmọ́tà da gbogbo ìkọ́kọrẹ́ sínú àwo ńlá kan, ó ní kí wọ́n jọ yí i ká. Ayman àbúrò Azeemah ti na ọwọ́ sí orí ẹja kí wọ́n tó ṣe bísímílà. Azeemah gbá a lọ́wọ́, ó gba orí ẹja, ó sì jù ú sẹ́nu.